Ipasẹ̀ kọ́, ipa bàtà ni

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Àbá kan wà nílẹ̀ pé kí a máa pe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń yẹ àwòrán ibi tí bàtà ọ̀daràn tẹ̀ wò ní “ìtọpasẹ̀ aládàáṣiṣẹ́”. N kò lè fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń tọpasẹ̀ ń lọ bá nǹkan ni, bí ọdẹ ti ń tọpasẹ̀ ẹran dé ibùba rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yìí kò lọ bá ẹnikẹ́ni, àwòrán ló ń fi wé àwòrán.

Ẹsẹ̀ tó wà nínú “ipasẹ̀” náà tún ń kọ mí lóminú. Bàtà ló tẹ ilẹ̀, bàtà sì ṣeé yá wọ̀. Nígbà ẹjọ́ O.J. Simpson, gbajúmọ̀ eléré ìdárayá ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn, ní Los Angeles lọ́dún 1995, William Bodziak, òṣìṣẹ́ FBI, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé bàtà iléeṣẹ́ Bruno Magli nọ́ńbà 12 ló fi ipa ẹlẹ́jẹ̀ sílẹ̀ níbi ìpànìyàn náà. Ipa yẹn kò sọ ẹni tó wọ̀ ọ́; lẹ́yìn tí wọ́n ti dá Simpson sílẹ̀ ni fọ́tò tó ti wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ tó jáde. Nítorí náà, “ipa bàtà” ni tèmi.

Ibi tó gba ìṣọ́ra jù ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú àti àpá. Lẹ́yìn òjò àná, àwọn ọmọ méjì wọ sálúbàtà kan náà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi kọjá. Ọnà abẹ́ bàtà wọn bára mu délẹ̀, àmọ́ òkúta ti gé ti ọ̀kan ní gìgísẹ̀, gbogbo ibi tó sì tẹ̀ ló ní àlàfo kékeré bí eyín tó ká. Ọnà yẹn ni mo pè ní irú, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàtà ló ní in. Àlàfo yẹn ni àpá, nítorí ojú ọ̀nà ni bàtà ti gbà á, bí ara ti ń gba ọgbẹ́.

Irú ni kọ̀ǹpútà ń wá jù. Nínú àkójọ àwòrán ipa bàtà tí wọ́n ń pè ní FID-300, ti Yunifásítì Basel ní Switzerland, ipa 300 láti ibi ìwà ọ̀daràn ni a ń wá ẹnikejì fún láàárín àwòrán abẹ́ bàtà 1175, ẹ̀rọ a sì to èyí tó jọ ọ́ jù síwájú. Ní ti àpá, ìgbìmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń gba Ààrẹ Amẹ́ríkà nímọ̀ràn sọ ní 2016 pé kò tíì sí ìwádìí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé a lè fi í tọ́ka sí bàtà kan pàtó. “Ìdánimọ̀” tí àwọn kan fẹ́ fún èsì iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí ti wúwo jù. “Ìjọra” ló tọ́.

Fún iṣẹ́ náà, mo dábàá “ìfàwòrán-ipa-bàtà-wéra”. Ó gùn, ṣùgbọ́n bí a bá gé e sí “ìfipawéra”, ẹni tó bá kánjú yóò kà á bí ẹni pé a fipá ṣe nǹkan, ọ̀rọ̀ tó léwu nílé ẹjọ́. Kí ni kí a wá pe ipa bàtà tó rì sínú ẹrẹ̀, tó yàtọ̀ sí èyí tó kàn lẹ̀ mọ́ táìsì?