Ta ló ya fọ́tò Múdà? Lórí "àwòrán-ojú", "àdáyà" àti ayé IICC

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń to fọ́tò àwọn agbábọ́ọ̀lù IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn jọ bi wá ní ìbéèrè kan: kí la ó máa pe fọ́tò tí ẹnì kan ṣoṣo dúró yà, tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n yà nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lórí pápá? Ẹnì kan dábàá "àwòrán-ojú", ọ̀pọ̀ yín sì ti kan sáárá sí i. Èmi ò gbà.

Ojú kẹ̀? Agbábọ́ọ̀lù mà là ń sọ! Tí ẹ bá gé ẹsẹ̀ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí kúrò nínú fọ́tò, kí ló kù tí ẹ fẹ́ fi hàn wá? Ká tilẹ̀ gbé ti bọ́ọ̀lù jù sílẹ̀, ẹni tó bá lọ sílé onífọ́tò láyé àwọn bàbá wa, gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbé lọ. Á jókòó, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé itan, bàtà á sì hàn kedere. Onífọ́tò tó bá gé ẹsẹ̀ oníbàárà dànù, ìjà ló fà lẹ́sẹ̀ yẹn.

Fọ́tò kan wà ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọkùnrin kan wọ jẹ́sì, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé bọ́ọ̀lù, ó fọwọ́ kan mú ìbàdí, irun orí rẹ̀ kún bí igbó. Aṣọ tí wọ́n ya òdòdó sí ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Okùn bàtà òsì ti tú. Òun ò mọ̀, onífọ́tò náà ò rí i. Wọ́n fi yíǹkì funfun kọ "1976" sísàlẹ̀. Tí mo bá bi wọ́n léèrè nígbà èwe mi, wọ́n á ní, "Èmi ni mo ya fọ́tò yẹn." Ó pẹ́ tí mo fi ń rò pé kámẹ́rà ni wọ́n dì mú. Àṣé àwọn gan-an lọkùnrin náà! Wọn ò gbá bọ́ọ̀lù fún IICC rí o. Jẹ́sì tí wọ́n yá wọ̀ ni, lẹ́yìn tí IICC gba ife ilẹ̀ Áfíríkà dé.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹni tó bá sọ pé "mo fẹ́ lọ ya fọ́tò" kò ní kámẹ́rà nílé, aṣọ tó lọ̀ ló wọ̀. Tí ẹ bá wá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò agbábọ́ọ̀lù IICC kan pé "Múdà Lawal ló ya èyí", kí lọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn 1991 tí Múdà kú máa rò? Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni Múdà kọ́, kì í ṣe fọ́tò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó di kámẹ́rà mú ní "onífọ́tò". "Ayàwòrán" ò yanjú ẹ̀, oníbírọ́ọ̀ṣì náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tèmi ni "àdáyà". Níbi ìnáwó, ṣebí a máa ń gbọ́ ọ pé, "Ẹ sún díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dá ya tèmi"? Bí a ṣe ní àdáṣe àti àjọṣe, ká ní fọ́tò àdáyà àti fọ́tò àjọyà. Àjọyà ni ti gbogbo ikọ̀: àwọn kan dúró lẹ́yìn, àwọn kan lóṣòó níwájú, Best Ogedegbe tó jẹ́ aṣọ́lé sì dá wọ aṣọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Àǹtí kan ní àdáyà dún bí ẹni tó dá yà kúrò lójú ọ̀nà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n tí "fọ́tò" bá ti ṣáájú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́. Ti àwọn tó ń tú "àwòrán" sí "à-wò-rántí" dùn létí, àmọ́ ìbéèrè kọ́ ló dáhùn.

Ó ku "sáà 1976" tí wọ́n ní ká máa pe ìgbà tí wọ́n ya àwọn fọ́tò náà. Sáà tí wọ́n ń wí lórí rédíò ti di ti ìdíje ọdún kan. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ń tọ́ka sí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìgbà tí IICC borí ẹgbẹ́ Tonnerre ti Yaoundé ní Kamẹrúùnù, tòun ti Roger Milla, tí wọ́n sì di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. "Ayé IICC" ni kẹ́ ẹ kọ. WNDC ni wọ́n ń jẹ́ ṣáájú, 3SC ni wọ́n padà dà. Orúkọ náà ti sọ ìgbà fúnra rẹ̀.

Ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi ńkọ́? Àdáyà ni, ayé IICC ló sì ti wá, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó wọn mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù o.