Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ mi tí kì í bá ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣeré

Ẹ kú àdúrótì o. Ẹ rántí ọmọ mi, ọmọ ọdún 4, tí mo ní ẹ̀yìn ìró mi ló máa ń sá sí tó bá ti rí ẹgbẹ́ ẹ̀. Ẹni tó ní kí n pe ọmọ kan ṣoṣo wá sílé, ẹ ṣé gan-an. Ọmọ aládùúgbò wa ní Bódìjà ni mo pè. Lọ́jọ́ kìíní, wọn ò sọ̀rọ̀. Kálukú ń ti mọ́tò ìṣeré tiẹ̀. (Ó ń ṣe mí bíi kí n dá sí i, mo pa ẹnu mọ́.) Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, bojúbojú ni wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lánàá, ọmọ mi mú dòdò kan nínú tiẹ̀, ó nà án sí ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó ṣì ń já nǹkan gbà o! Ṣùgbọ́n mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.