CentOS 7 ti kú, kí ni kí n gbé sórí sáfà yìí báyìí?

Ẹ̀yin ará mi tó ń bójú tó sáfà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. CentOS 7, Linux ọ̀fẹ́ kan (OS, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà), ló ṣì wà lórí sáfà ibi iṣẹ́ wa n'Íbàdàn, ẹ sì mọ̀ pé láti ìparí oṣù kẹfà 2024 ni wọn ò ti ṣe update fún un mọ́. Ọ̀gá ní kò sówó Red Hat (Linux olówó), nǹkan ọ̀fẹ́ ni ká wá (ẹ mọ àwọn ọ̀gá), mo wá ń wo AlmaLinux 9 tàbí Debian, Linux ọ̀fẹ́ làwọn náà.

Storage gan-an ló ń kó ìdààmú bá mi. Dísíìkì mẹ́rin, 4TB lọ́kọ̀ọ̀kan, RAID 5 (a so wọ́n pọ̀ bí ọ̀kan, tí dísíìkì kan bá kú dátà ò ní sọnù) lórí káàdì RAID, XFS (ètò tó ń to fáìlì sórí dísíìkì) ló wà lórí ẹ̀, XFS yìí kẹ̀ ò ṣeé dín kù, fífẹ̀ nìkan ló mọ̀, torí náà mi ò lè gé díẹ̀ níbẹ̀ fún OS tuntun. ZFS, ètò fáìlì mìíràn, wù mí nítorí checksum (tó ń ṣàwárí dátà tó bá bàjẹ́) àti snapshot (ẹ̀dà dátà bó ṣe wà ní àsìkò kan), àmọ́ ó fẹ́ máa rí dísíìkì lójúkojú, kò fẹ́ kí káàdì RAID dúró láàárín, kò sì sí nínú kernel (ọkàn OS) Alma, update kan lè dé kí module ẹ̀ (apá tí a ń fi kún kernel) má lọ́ọ̀dù mọ́. Bátìrì káàdì náà tún ti kú, ó ti bọ́ sí write-through fúnra ẹ̀ (ó ń dúró kí dátà dé orí dísíìkì kó tó sọ pé ó ti parí), dátábéèsì wá ń wọ́ bí ìgbín.

Ṣé kí n gbà kí àyè 12TB tí mo ń lò di 8TB, kí n lọ RAID 10 (tó ń kọ dátà kọ̀ọ̀kan sórí dísíìkì méjì)? Àbí ẹnikẹ́ni ń lo ZFS lórí Alma fún iṣẹ́ gidi? Bákọ́ọ̀pù wà o, mo ti dán an wò, ẹ má wulẹ̀ bi mí.