Máàpù àtijọ́ ti Palo Duro: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ Dallas: Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀, sọ́fíyọ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, mo wá fẹ́ ṣe férémù máàpù àtijọ́ Palo Duro Canyon, àfonífojì jíjìn (kányọ̀n) kan ní Texas, fún wọn, irú èyí tó ní àwọn ìlà tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn. Ẹnì kan fẹ́ ta ọ̀kan fún mi, ó ní orígínà ni, owó ẹ̀ ò sì kéré. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Ìbejì: Àdùkẹ́, má tíì sanwó o! USGS, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ya máàpù ilẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1879, ti kó àwọn máàpù àtijọ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, topoView lorúkọ ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Gbà á sórí kọ̀ǹpútà, kó o gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ bébà ńlá, má jẹ́ kí wọ́n fi bébà tó ń dán tẹ̀ ẹ́, iná ilé ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí nǹkan kan.

Akin Onítírélà: Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Mú èyí tí òṣùwọ̀n ẹ̀ jẹ́ 1:24,000, íńṣì kan lórí bébà jẹ́ 2,000 fíìtì nílẹ̀, gbogbo kọ̀rọ̀ ló máa hàn. Mo máa ń gba Amarillo, ìlú tó wà nítòsí ibẹ̀, kọjá, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, o ò ní mọ̀ pé kányọ̀n wà nítòsí àfi tó bá là sílẹ̀ níwájú ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí máàpù, àwọn ìlà búráùn á jìnnà síra wọn, tó bá wá dé etí kányọ̀n wọ́n á fún pọ̀ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì.

Ìyá Tólú: Ọmọ mi, wo bóyá ó ní àwọ̀ àlùkò. Àwọ̀ yẹn ni wọ́n fi tẹ àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí máàpù láyé ìgbà yẹn, fọ́tò tí wọ́n yà látòkè ni wọ́n fi ṣe é, wọn ò sábà padà dé orí ilẹ̀ náà lọ wò ó. Sọ́fíyọ̀ ni bàbá ẹ, èyí tí kò ní àlùkò ni kó o fún wọn. Ti ẹni tó ń tà á yẹn, fi awò wo ìlà búráùn ẹ̀ dáadáa: yíǹkì búráùn gan-an ni wọ́n fi tẹ orígínà, ìlà ẹ̀ á já geere, àmọ́ tó bá jẹ́ àtúntẹ̀ ayé ìsinsìnyí, tótòtó aláwọ̀ oríṣiríṣi lo máa rí.

Àdùkẹ́ Dallas: Ẹ ṣé gan-an ni mà. Mo ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ìlà ẹ̀ látòsí fún mi, tótòtó ni látòkè délẹ̀! Mo ti gba ti topoView, kò ní àlùkò rárá, ọ̀la ni mò ń gbé e lọ tẹ̀. Bàbá mi ò tíì gbọ́ o.