Ọmọ mi ń bọ̀wọ̀ fún bàbá ẹ̀ nínú ẹ́sè Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà fi báírò pupa fa gbogbo ẹ̀ ya

Ìyá Tọ́pẹ́, Kàbà:
Okun o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2, ó mọ ìṣirò, ó mọ báoló, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ní kó kọ ẹ́sè Gẹ̀ẹ́sì báyìí, wàhálà dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gbé ìwé wálé, 17 nínú 50, báírò pupa kún gbogbo ojú ìwé bíi pé adìẹ tó tẹ epo ló rìn kọjá lórí ẹ̀. Ẹ wo ohun tó kọ nípa bàbá ẹ̀ o: "My father, they have went to farm since morning, they did not ate before they go." Àbúrò ẹ̀ obìnrin ńkọ́, "he" ló pè é látòkè délẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni inú mi wá bà jẹ́.

Tíṣà ẹ̀ wá ní kí n má sọ Yorùbá sí i mọ́ nílé, pé Owé, Yorùbá Kàbà tá à ń sọ, ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ jẹ́. Èmi tí mò ń ta iṣu lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì tèmi gan-an ò délé, tí mo bá ní òun ni màá máa bá a sọ, ta ló máa wá tún tèmi ṣe? Mo ti ra ìwé gírámà kan fún un, ó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, ó ka ojú ewé mẹ́ta, oorun gbé e lọ. Ọdún tó ń bọ̀ ni WAEC. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Tíṣà, Ìsánlú:
Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ má dá Owé dúró nílé yín o. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn tí wọ́n jọ wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo nǹkan fún ọdún 6 gbáko, Gẹ̀ẹ́sì wá dá dúró, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò rẹ̀yìn rárá. Nítorí náà Yorùbá kọ́ ló jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ohun tọ́mọ yẹn kọ. Kì í ṣe olódo, ó ń bọ̀wọ̀ fún bàbá ẹ̀ ni! "Wọ́n" la máa ń pe àgbà, ó sì gbé e wọnú Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe rí. Gẹ̀ẹ́sì ò mọ̀yẹn, tó bá jẹ́ ọkùnrin kan ṣoṣo, ìbáà ṣe ọba ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, "he" ni. "Ó" tiwa náà kì í bèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ìdí nìyẹn tí àbúrò ẹ̀ fi di "he". Tí ẹ bá ṣàlàyé fún un pé ibi báyìí ni àṣìṣe yẹn ti wá, ó máa yára kúrò lẹ́nu ẹ̀ ju kí wọ́n kàn fi báírò fà á ya. Ẹ ní kó máa bi ara ẹ̀ ní ìbéèrè méjì kó tó kọ ọ́: ẹni mélòó? ọkùnrin àbí obìnrin?

"Did not ate" yẹn ńkọ́. Ní Yorùbá, "jẹ" kì í pààrọ̀ aṣọ, ó jẹ, ó ti jẹ, kò jẹ, "jẹ" náà ni. Ọmọ yìí ti mọ̀ pé ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń pààrọ̀, ohun tí kò tíì mọ̀ ni ìgbà tí kì í pààrọ̀. "Did" ti ru ẹrù àná, ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ọwọ́ lásán ló ń rìn: did not eat, did not go. "Have" àti "has" ní tiwọn, "gone" ni wọ́n ń fẹ́, wọn ò fẹ́ "went".

Ẹ̀kẹta, ó dá mi lójú pé ó wà nínú ìwé yẹn bí ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀, ọ̀rọ̀ "s" ni. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ ni pé fìlà kan ṣoṣo ló wà nílé, èèyàn méjì ò lè dé e pọ̀. The boy runs, ọ̀rọ̀-ìṣe ló dé e. The boys run, ọ̀rọ̀-orúkọ ló dé e. Àwọn alágídí bíi "children" àti "people" wà níbẹ̀ ṣá, wọ́n pọ̀ ṣùgbọ́n wọn ò dé fìlà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe wọn ò gbọdọ̀ dé e. Tó bá sì ti di ọ̀rọ̀ àná, kò sí fìlà fún ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́.

Máàkì 17 yẹn náà, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ẹ́sè WAEC, 50 ni gbogbo ẹ̀, ọ̀rọ̀ bíi 450 ni wọ́n ń béèrè. 10 wà fún ohun tí ọmọ sọ, 10 fún bó ṣe tò ó, 20 fún bó ṣe ń lo èdè, 10 tó kù ni ti gírámà, sípẹ́lì àti kọ́mà, àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń gba ààbọ̀ máàkì lọ. Tó bá ṣe àṣìṣe 20, 10 yẹn ti lọ ráúráú, ṣùgbọ́n ẹni tó rí ọ̀rọ̀ sọ tó sì tò ó ní párágíráàfù tó mọ́ ṣì ní ibi tó máa dì mú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í ronú kí wọ́n tó kọ. Ẹ ní kó kọ kókó márùn-ún sẹ́yìn ìwé ná.

Ọmọ Mọ̀pà:
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọmọ Ifẹ̀ yẹn ní tíṣà gidi, wọ́n sì kọ ìwé fún wọn. Ọmọ Kàbà ìsinsìnyí, kí ló ní? Fóònù. Àǹtí mi, ẹ lọ wo WhatsApp ọmọ yẹn lálẹ́ òní, ẹ máa rí "dis", "dat", "b4", "u", ohun tọ́wọ́ ń tẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ náà ló máa kọ nínú ẹ̀sáàmù, èmi lẹ ń wò yìí mo kọ "u" sínú lẹ́tà tí wọ́n ní ká kọ sí gọ́mìnà! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ WAEC nìyẹn. Lẹ́tà ọ̀gá tó yẹ kó ní àdírẹ́ẹ̀sì méjì, Dear Sir, àkọlé, kó sì parí sí Yours faithfully pẹ̀lú orúkọ mi lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, èmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "how is your family sir, I hope you are swimming in the ocean of good health". F9 ni wọ́n fún mi o, mi ò sì bínú sí wọn.

Ohun tó yọ mí lẹ́ẹ̀kejì ò ju ìwé 40 leaves lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n máa kọ ìlà mẹ́rin lálaalẹ́ nípa ohun tójú mi rí lọ́jọ́ yẹn, ẹnu iṣẹ́ kapẹ́ńtà ni mo wà nígbà yẹn. Ìyẹn ló máa kà á, àṣìṣe kan péré ló máa fà lábẹ́, ìyókù á ṣe bíi pé òun ò rí i. Ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ ti "s", "s" nìkan ni. Èyí tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ àná. Báírò pupa tó kún gbogbo ìwé yẹn, ọmọ wo ló máa mọ ibi tóun fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Oṣù mẹ́jọ la fi ṣe é, C5 ni mo gbà.

Àǹtí Bùnú:
Ẹ má gbàgbé Oral o, apá ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ti ìró ọ̀rọ̀. Yorùbá ò ya "ship" àti "sheep" sọ́tọ̀, "i" kan náà ni létí wa, "three" sì máa ń di "tree" lẹ́nu ọmọ. Ẹ jẹ́ kó máa gbọ́ ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì lórí ràdíò kó sì máa sọ ọ́ tẹ̀ lé wọn sókè, ì báà dà bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé.

Bàbá Tíṣà, Ìsánlú:
Ọmọ Mọ̀pà, o ò purọ́. Àṣìṣe kan lọ́sẹ̀ kan, èmi náà ì bá ti máa ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, kíláàsì ọmọ 70 ni kì í jẹ́. Ìyá Tọ́pẹ́, ìyẹn ò béèrè pé kẹ́ ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o. Ẹ ní kó kà á sókè fún yín, kó wá fi Owé sọ ohun tó kọ. Ibi tó bá ti ń kálòlò níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni kò yé e.

Ìyá Tọ́pẹ́, Kàbà:
Ẹ ṣé gan-an o, Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Mo gbìyànjú ẹ̀ lálẹ́ àná. Mo ra ìwé, ó kọ ìlà mẹ́rin, bàbá ẹ̀ ti di "he" báyìí o, ó fara balẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà. Àmọ́ ìlà tó kẹ́yìn, "My mother is shouting on my head because of phone." Mo ní kí ló dé tó fi kọ "on my head", ó ní ṣebí orí òun lẹ máa ń pariwo lé.