Ìkéwu kọ́, ìwewu kọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o.

Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti ń ka ìwé tí ẹ̀gbọ́n wa ń túmọ̀ fún àwọn tó ń múra ìdánwò ìlera àti ààbò níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́. Mo dákẹ́, torí iṣẹ́ ńlá ni, àwọn nìkan ni wọ́n sì ń dá a ṣe. Àmọ́ nígbà tí mo dé ojú ìwé kẹta tí mo bá ìkéwu pàdé, mo mọ̀ pé dídákẹ́ mi ti tó. Wọ́n ní òun ni ká máa pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní risk. Hazard ní tirẹ̀, wọ́n pè é ní eléwu. Àlàyé wọn rèé: kó àti ewu di kéwu, bí kó àti ẹrù ṣe ń di kẹ́rù, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- wá sọ ọ́ di orúkọ. Wọ́n fi kún un pé, "Gírámà rẹ̀ pé pérépéré, kò sẹ́ni tó lè bá a jà."

Ẹ̀gbọ́n, èmi yóò bá a jà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Gírámà rẹ̀ pé. Ìpajẹ fáwẹ́lì wáyé níbi tó yẹ, ohùn òkè orí kó sì dúró sórí fáwẹ́lì tó ṣẹ́kù. Òkè, àárín: kéwu. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ohùn àárín ìparí yẹn nìkan ló yà á kúrò lára kéwú tí àwọn ọmọ ilé kéwú ń ké. Àbúrò mi ọkùnrin wà lára àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò yìí. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó jókòó tì mí nídìí tábìlì, ó tẹ́ ìwé yín síwájú, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Ìka rẹ̀ dé ibi ìkéwu, ó dúró. Ó pa dà sẹ́yìn, ó tún gbólóhùn náà kà. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló kan ìkéwú nínú iṣẹ́ bíríkìlà?" Kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ń dà á láàmú ni.

Àmì sì wà lórí ìwé tó ń kà o! Ṣùgbọ́n orí fóònù ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ yóò ti kà á, ẹni tó bá sì tún un tẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ kì í fi àmì kankan sí i. A ti ní ìyọnu tó tó wa tẹ́lẹ̀. Kọ́lékọ́lé ni àwọn èèyàn wọ̀nyí, bí àmì ìsàlẹ̀ bá bọ́, wọ́n di kólékólé. Ìyẹn, kò sí bá a ṣe fẹ́ ṣe é, bá a ṣe bá èdè nìyẹn. Kí a wá fọwọ́ ara wa dá irú rẹ̀ sílẹ̀, ta ni ìyẹn fẹ́ ràn lọ́wọ́?

Eléwu náà kò ríbi sá sí. Oní àti ewu ló bí i. Oní àti ẹ̀wù ló bí ẹlẹ́wù. Ojú ìwé yẹn kan náà lẹ ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀wù aláwọ̀ títàn tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọ̀ kí ẹni tó ń wa katakata lè rí i láti òkèèrè. Ẹ yọ àmì kúrò lórí gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi èwo ni ẹ̀wù, èwo ni ewu. Mi ò tíì dárúkọ ewú orí.

Àbí kí ni ewu fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ tí a fi ní kó lọ mú oní kún ara rẹ̀? Àwọn baba wa ní ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀ ewu ni. Wọn ò sọ pé Lóńgẹ́ jẹ́ eléwu. Ewu ni Lóńgẹ́. Nǹkan tó lè ṣeni lọ́ṣẹ́, yálà ibi kan ni o, yálà ènìyàn ni o, ewu lorúkọ rẹ̀. Ohun tí ìdánwò yẹn ń pè ní hazard kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kòtò jíjìn tí a kò fi nǹkan gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ró, wáyà iná tí ara rẹ̀ ti bó, òrùlé àtijọ́ tó ní asbestos nínú, ohun èlò ilé tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ewu ni gbogbo wọn.

Risk ló ṣòro, mo gbà. Ẹ jẹ́ ká mú wáyà tí ara rẹ̀ bó yẹn. Bó bá wà nínú yàrá tí a tì pa, ewu ni. Bó bá wà lẹ́nu ọ̀nà tí gbogbo lébìrà ń gbà kọjá, ewu kan náà ni. Wáyà kò yí pa dà. Ohun tó yí pa dà ni bó ṣe rọrùn tó kí ẹnì kan fara kàn án, àti bí ọṣẹ́ tó máa ṣe fún un ṣe máa pọ̀ tó. Nǹkan méjì yìí ni wọ́n ń fi nọ́ńbà fún. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ló ń lo 1 sí 5 fún bó ṣe rọrùn tó, 1 sí 5 fún bí ọṣẹ́ ṣe tó, wọ́n á wá sọ ọ́ ní ìlọ́po ara wọn. 3 lọ́nà 5, 15. Báwo la ṣe fẹ́ fi ìkéwu sọ ìyẹn? Ìkéwu mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Bí a bá ní ewu mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohun tí ẹnikẹ́ni máa gbọ́ ni pé nǹkan mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níbẹ̀ tó lè pa èèyàn.

Ìwọ̀n ewu ni mo fi ń kọ́ àbúrò mi. Ìwọ̀n ewu jẹ́ 15, a ṣe ọgbà yí i ká, ìwọ̀n ewu wá sílẹ̀ sí 5. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tún bi mí léèrè mọ́. Iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní risk assessment náà wá rọrùn: ẹ wọn ewu. Ẹ wá ewu rí, ẹ wo ẹni tó lè ṣe lára, ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ sì pinnu ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pa dà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Òwe tí gbogbo wa ń fi gbàdúrà wà lẹ́yìn rẹ̀: ewu iná kì í pa àwòdì. Iná kò ṣàì jẹ́ ewu nínú òwe yẹn. Bí àwòdì ṣe ga sí iná ló sọ ìwọ̀n rẹ̀ di òfo.

Ẹnì kan máa sọ pé àpólà ni ìwọ̀n ewu, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan. Kí ló wá ṣe é? Ìwọ̀n ìgbóná ńkọ́? Ta ló ti bá ìyẹn jà rí? Ó jọ pé a ti fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ tuntun díjú kí á tó gbà pé iṣẹ́ ni a ṣe.

Mo ti rí èsì ẹni tó ní ká fi ìwewu rọ́pò ìkéwu. Èyí sàn jù, torí pé ẹnu Yorùbá ló ti wá. A máa ń sọ pé lágbájá fẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Wu ewu ló di wewu. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́tí sí wu yẹn. Kì í ṣe wù tó wà nínú ó wù mí, kì í sì í ṣe wú tí ẹsẹ̀ ń wú. Wu olóhùn àárín yìí ń béèrè olùwà tó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó wewu, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn lọ bá ewu. Òṣìṣẹ́ tí pákó já lù lórí níbi tó ti ń po sìmẹ́ǹtì, ṣé ó wewu ni? Bí a bá fi ìwewu sínú ìwé yìí, a ti dá òṣìṣẹ́ lẹ́bi láti inú mọ́fíìmù kan, ẹyọ kékeré tí a fi kọ́ ọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí jù gbogbo èyí tó kù lọ. Àdéhùn 167 tí ILO, àjọ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ṣe ní ọdún 1988 lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́, orí agbanisíṣẹ́ ló gbé ẹrù tó pọ̀ jù lé. Ó tún fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti kúrò níbi tó bá rí ìdí tó dájú pé ewu ńlá ti dé tán, kó sì tètè sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tó ní irú ẹ̀tọ́ yìí, a kò gbọ́dọ̀ fún un ní ọ̀rọ̀ tó ń pè é ní afẹ̀míwewu.

Ààbò náà ní ti rẹ̀. Mi ò ní ká yọ ọ́ kúrò lórí ìwé, ìlera àti ààbò ti mọ́ gbogbo èèyàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bò wà ní ìdí rẹ̀, ẹ wo dáàbò bò. Tí òṣìṣẹ́ bá ti gbọ́ ààbò, ohun tó máa bo ara ló ń rò: àṣíborí, ibọ̀wọ́, bàtà. Ìbéèrè kan wà tó ní wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ gé kọnkéré, eruku rẹ̀ máa pọ̀, kí ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe? Àbúrò mi mú ìbòmú. Ó gbà á sí àìdáa nígbà tí mo ní ìdáhùn rẹ̀ kò tọ̀nà, ó ní, "Ààbò náà kọ́ nìyẹn ni?" Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbòmú ló gbẹ̀yìn. Bóyá a tilẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ náà láìgé e rárá, ìyẹn ló ṣáájú. Bí kò bá ṣeé ṣe, ká wá ọ̀nà mìíràn tí kì í tú eruku tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni omi tí a ń dà sójú ibi tí ẹ̀rọ ti ń gé kí eruku má lè gbéra, kí ó má bàa dé ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni, torí sílíkà inú rẹ̀, èròjà tó wà nínú iyanrìn àti òkúta, kì í jáde mọ́ bó bá ti wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ká ṣètò iye wákàtí tí ẹnì kan máa lò nídìí rẹ̀. Ìgbà náà la tó dé orí ohun tí èèyàn ń wọ̀. Àìléwu ni mo fẹ́ kí a máa lò níbi tí ìbéèrè bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa mímú ewu kúrò. Ẹ fi ààbò sílẹ̀ fún ohun tó bá ń bo ni ní tòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n mìíràn nínú àwọn tó fèsì ní òun ti ń kọ́ni ní èdè fún ọgbọ̀n ọdún, pé kí àwọn ọmọ tó ń jà lórí ohùn àárín lọ jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún náà. Àwọn onímọ̀ èdè bí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ti ṣiṣẹ́ lórí èdè-ìperí, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ fóníìmù, ìró tó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn, mo sì mọ̀ pé etí ọmọlẹ́yìn ni mo fi ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí aago ìdánwò ń lọ, òun náà ní etí.

Ó ku àkàbà. Nínú ìwé yín, àtẹ̀gùn lẹ fi pè é láti òkè dé ìsàlẹ̀, àtẹ̀gùn yẹn náà lẹ sì lò fún èyí tí a fi sìmẹ́ǹtì mọ, tí èèyàn ń gbà sá jáde bí iná bá sọ. Ìdánwò ń béèrè méjèèjì. Bàbá bàbá mi, bíríkìlà ni wọ́n, àkàbà ni wọ́n ń pè é. Wọn ò kàwé rárá. Kí wọ́n tó gùn ún, wọ́n á fi orí ìka ẹsẹ̀ kan ìdí àkàbà, wọ́n á dúró ṣánṣán, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì síwájú gbọọrọ. Bí àtẹ́lẹwọ́ wọn ò bá kan igi tó wà ní déédéé èjìká, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tún gbé. Wọ́n á tún gbá a mú, wọ́n á mì ín, wọ́n á ní, "Bi ilẹ̀ léèrè kó o tó gòkè." Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo rí i nínú ìwé ìdánwò pé bí orí àkàbà bá ga ní mítà mẹ́rin, kí ìdí rẹ̀ jìn sí ògiri ní mítà kan. Ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ wọ̀n nìyẹn. Ẹni tó ní àkàsọ̀ nìkan ló jẹ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá, mi ò bá a jiyàn pé ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n àkàbà ni mo bá lẹ́nu àwọn tó ń gùn ún.

Ọjọ́bọ̀ ni àbúrò mi ń ṣe ìdánwò. Ibi mọ́kànlá ni ìkéwu ti jẹ yọ nínú ìwé tirẹ̀, mo ti fi pẹ́ńsù kọ ìwọ̀n ewu sórí gbogbo wọn. Ti àkàbà, mo ń retí èsì yín.