Orúkọ wo ló yẹ pacemaker: amúkànlù ni àbí aṣọ́lùkàn?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú iṣẹ́ èdè, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ka ọ̀rọ̀ tí a ti ń bá bọ̀ lórí orúkọ tí a ó máa pe ẹ̀rọ kékeré tí àwọn dókítà ń fi sábẹ́ awọ àyà láti ran ọkàn tí ìlù rẹ̀ ń falẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pacemaker. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní kí á pè é ní amúkànlù, ìyẹn ohun tó ń mú ọkàn lù. Olùkọ́ wa láti Ìpẹru ní ìyáàlù ọkàn ló yẹ ẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ̀wé sí wa láti Ṣágámù sì ní kí á má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu, nítorí bátìrì àyà ni àwọn aláìsàn ń pè é. Mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orúkọ yìí yóò dé etí ẹni tí ẹ̀rọ náà wà lára rẹ̀, ohun tó bá sì gbọ́ nínú orúkọ ni yóò gbà gbọ́ pé ẹ̀rọ ń ṣe fún òun.

Ìyáàlù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Inú ọkàn pín sí yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀. Ó ní kókó kékeré kan tirẹ̀, nínú yàrá òkè apá ọ̀tún, ibẹ̀ ni àṣẹ ìlù ti ń wá. Arthur Keith àti Martin Flack ló ṣàwárí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1907. Bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ìgbà 60 sí 100 ni kókó yìí ń mú ọkàn rẹ̀ lù ní ìṣẹ́jú kan. Gẹ̀ẹ́sì ń pe kókó náà ní pacemaker, wọ́n sì tún fi orúkọ kan náà pe ẹ̀rọ. Kò yẹ kí á bá wọn da méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá ti dúró lójúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá mọ ẹni tí ìyáàlù jẹ́: òun ló ń pàṣẹ, òun ló ń yí ìlù padà bí ẹsẹ̀ oníjó bá ṣe yí, àwọn yòókù ló ń tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ kókó àdánidá nìyẹn gẹ́lẹ́. A ń sáré, ó yára. A sùn, ó rọra. Ẹ̀rù bà wá, ó bẹ́ sókè. Lóòótọ́, ẹ̀rọ òde òní ní ohun tó ń mọ̀ bí ara bá ń rìn, ó sì lè yára díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n níbi tí kókó àdánidá bá ti ṣe tirẹ̀, ẹ̀rọ kì í gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, mo gba ìyáàlù ọkàn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ wa. Kókó inú ẹran ara ni kí á fún lórúkọ yẹn, kí á wá òmíràn fún ẹ̀rọ.

Ní ti amúkànlù, ìbá bá ẹ̀rọ àkọ́kọ́ mu dáadáa. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún 1958, ní ilé ìwòsàn Karolinska ní ilẹ̀ Swídìn, Åke Senning fi ẹ̀rọ tí Rune Elmqvist kọ́ sínú ara ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Arne Larsson. Ẹ̀rọ ìgbà náà kì í gbọ́ nǹkan kan. Iye ìgbà tí wọ́n bá ti ṣètò rẹ̀ sí náà ni yóò máa fi iná kékeré ta ọkàn, ọkàn ì báà ti lù fúnra rẹ̀ ì báà má lù. Àkọ́kọ́ yẹn kò tó ọjọ́ kan tó fi dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀. Larsson lò ju ẹ̀rọ 20 lọ kó tó kú ní 2001, ẹni ọdún 86. Kì í ṣe ọkàn ló pa á.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sára ènìyàn lónìí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ń gba inú iṣan lọ sínú ọkàn, wáyà kan náà ló ń gbọ́ ìlù, òun náà ló ń gbé iná kékeré lọ. Bí ọkàn bá lù lásìkò, ẹ̀rọ á dákẹ́. Bí àsìkò bá kọjá tí kò lù, ẹ̀rọ á ta á. Ẹlòmíràn wà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Bí a bá wá pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní amúkànlù, ẹni tó gbé e sáyà yóò rò pé ọkàn òun ti kú, pé ẹ̀rọ nìkan ló ń gbé òun ró. Ẹ̀rù tí kò yẹ nìyẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi dá aṣọ́lùkàn: a-ṣọ́-ìlù-ọkàn. Ó ń ṣọ́, kì í jọba. Ẹnìkan ti sọ fún mi pé kí n lo agbèlùkàn, láti ara gbè tí elégbè orin ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n elégbè kì í dákẹ́ nítorí pé adarí orin kọrin dáadáa. Ẹ̀ṣọ́ ló ń jókòó láìṣe nǹkan kan títí nǹkan yóò fi ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ṣíṣọ́ yìí ti ṣe pàtàkì jù ni ti ìlù ọkàn tó ń ṣe ségesège, tó ń lọ tó ń bọ̀. Àwọn kan wà tí kókó ìlù wọn ti rẹ̀. Ọkàn wọn á falẹ̀, á dúró díẹ̀, á tún lù. Nínú àlàfo ìdúró yẹn ni ìlù àìròtẹ́lẹ̀ ti máa ń yọjú láti ibòmíràn nínú yàrá òkè, yàrá òkè á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì dípò kó máa lù. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣọ́ yàrá òkè, tó ń dí àlàfo náà, gbígbọ̀n kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè wọlé. Ní Dẹ́nímáàkì, wọ́n fi aláìsàn 225 tí kókó ìlù wọn ń ṣàìsàn dán èyí wò, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1994 àti 1997: gbígbọ̀n kò yọ àwọn tí wáyà wọn wà ní yàrá òkè lẹ́nu tó àwọn tí tiwọn wà ní yàrá ìsàlẹ̀. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2002 lórí ènìyàn 2010, fi hàn pé gbígbọ̀n dín kù lára àwọn tí ẹ̀rọ ń ṣọ́ yàrá òkè àti ìsàlẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n iye àwọn tó kú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀rọ tún ń ṣèrànwọ́ lọ́nà mìíràn: oògùn tó ń dá ìsáré ọkàn dúró lè mú kí ọkàn falẹ̀ jù, bí ẹ̀ṣọ́ bá sì wà níbẹ̀, dókítà lè fún aláìsàn ní oògùn náà láìfòyà.

Ṣùgbọ́n bí ọkàn ẹni kò bá falẹ̀ rárá, tó jẹ́ gbígbọ̀n nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà kì í fi ẹ̀rọ yìí sí i láyà kìkì nítorí kí gbígbọ̀n má baà padà wá. Ẹ̀rọ kì í wo gbígbọ̀n sàn. Ohun tó ń dùn mí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ní àdúgbò wa níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, màmá kan fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sílẹ̀, ó ní bátìrì ti wà láyà òun, kí ni òun tún ń lo oògùn sí? Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú yàrá tó ń gbọ̀n, kó gba ọ̀nà ọpọlọ lọ, kó fa rọpárọsẹ̀, ẹ̀rọ kò sì ní dá a dúró. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó tètè mọ̀, tó sì mú un padà lọ bá dókítà.

Nọ́ọ̀sì wa ní Ṣágámù, mi ò tàbùkù bátìrì àyà o. Ọ̀rọ̀ ará ilé ni, ó yé tọmọdé tàgbà, òótọ́ sì ni pé bátìrì wà nínú rẹ̀. Bátìrì náà lè lo ọdún 5 sí 15, dókítà ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò, bó bá sì fẹ́ tán, gbogbo àpótí kékeré náà ni wọ́n ń pààrọ̀, kì í ṣe ohun tí a ń fi iná kún. Ẹ máa fi bátìrì ṣàlàyé, kò burú. Orúkọ ni kó má jẹ́.

Nǹkan méjì kù. Àkọ́kọ́ ni ìlùkílù ọkàn tí àbúrò wa kan dá fún ségesège. Bí a bá wo bí a ti dá a, kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n kí tó wà láàárín rẹ̀ ni a fi ń dá ìwàkíwà àti ọ̀rọ̀kọ́rọ̀, ọkàn sì ni wọ́n ń bá wí ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó ń ṣàìsàn lè gbọ́ ẹ̀bi nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀ ní ségesège ìlù ọkàn. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Èkejì ni ẹ̀rọ mìíràn, èyí tí Michel Mirowski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí títí wọ́n fi kọ́kọ́ fi í sára ènìyàn ní 1980, tó ń ta ọkàn ní iná ńlá nígbà tí yàrá ìsàlẹ̀ bá ń gbọ̀n, tí ikú ti dé bèbè. Àwọn kan nínú wa ń pe òun náà ní amúkànlù. Rárá o. Ẹni tí èyí bá ta mọ̀ ọ́n lára bí ìgbà tí wọ́n gbá a láyà, ó sì gbọ́dọ̀ mọ èwo nínú méjèèjì ló wà lára òun. Mo fara mọ́ adákànpadà tí dókítà kan dá, a-dá-ọkàn-padà.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó ti takò mí pé, bí a kò bá fi àmì sí i, ẹni tó bá rí aṣọ́lùkàn lè ka ìlú dípò ìlù. Àríyànjiyàn gidi ni, torí ìwé pélébé tí wọ́n ń pín fún aláìsàn kì í sábà ní àmì ohùn. Nọ́ọ̀sì wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ ọ́ sétí àwọn màmá àti bàbá tó ń wá fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì kọ ọ́ láìlámì fún àwọn tó lè kàwé, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò pé ó jẹ́ kí ẹ tó ṣàlàyé fún wọn. Bó bá jẹ́ ìlú ni púpọ̀ nínú wọn gbọ́, a ó gé e kúrú sí aṣọ́kàn, mo sì máa gbà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlù yóò ti bọ́ nínú rẹ̀.